Ojú Ẹsẹ̀ Nínú Kànga

Odùkọ̀yà fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ kànga yìí.
Ọdún tí a kó dé Ìjẹ̀dẹ̀, tí ilé wa kò tí ì ní fèrèsé,
ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì tí a gé lọ́rùn,
èmi ń fa amọ̀ pupa sókè, garawa lé garawa,
oyún oṣù méjì wà nínú mi, n kò tí ì sọ fún un.
Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ sára ògiri,
ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì,
bí àkàsọ̀ tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bí.

Ọjọ́ tí Mufútáù dé, òun àti ọmọṣẹ́ méjì,
súmò ń dán lábíyá rẹ̀ bí ẹja ọ̀sà
tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú àwọ̀n.
Bánjókòó ló fi owó rẹ̀ ránṣẹ́,
ó ní kí èjìká mi sinmi.
"Ìyá, kànga yìí á jìn tó mítà mélòó?"
N kò mọ mítà. Ìfà okùn mẹ́tàlélógún ni,
mọ́kàndínlọ́gbọ̀n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú dé oṣù Ẹrẹ́nà.
Ó rẹ́rìn-ín, ó so òkúta mọ́ tépù, ó jù ú sínú.
Nígbà tó fà á jáde, kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ó ní kí ọmọṣẹ́ kan sáré lọ ra páìpù méjì sí i.

"Ẹ má fi wáyà gbé e kọ́ o!" ló ń pariwo sí wọn,
"okùn ni kó ru ẹrù, iná ni kí wáyà rù."
Mo gbọ́, mo rántí àwọn ènìyàn kan
tí mo ti rí tí wọ́n ń fi wáyà ru ẹrù okùn.
Wọ́n fi rọ́bà dúdú di ojú ìsopọ̀, wọ́n tún un dì,
torí omi àti iná kì í jẹun nínú àwo kan.
Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀,
ẹrẹ̀ ibẹ̀ mu ènìyàn dé orúnkún.
"Ta ló sọ fún yín?"
Ẹni tó dúró nínú rẹ̀ ni.

Wọ́n ń tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irin náà ń lọ,
ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ kìn-ín-ní kọjá, ó gba ti ìkejì,
ọ̀pọ̀lọ́ kan fò jáde nínú ìkarùn-ún.
Mo ń kà á títí ojú mi kò fi rí i mọ́.

Ó wá ku iná.
Ẹ wo òkè orí wa: wáyà ńláńlá
tó ń ti ilé-iṣẹ́ iná ẹ̀bá ọ̀sà bọ̀,
ó ń kùn bí agbọ́n, ó ń gbé iná lọ fún àwọn tó jìnnà,
òjìji rẹ̀ ń bọ́ sórí aṣọ tí mo sá.
Òjìji nìkan.
A tan jẹnẹrétọ̀ kékeré Ìyá Rìsíkà:
ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́.
Mufútáù lọ yá ti oníbúrẹ́dì;
ìyẹn gbọ̀n jìgìjìgì, páìpù mí sínú, ó mí síta,
omi dé.
Pupa ló kọ́kọ́ wá,
pupa bí ti ọjọ́ tí Odùkọ̀yà kígbe nísàlẹ̀ pé òun ti kan omi,
tí mo sì kígbe padà pé mo lóyún.

Dọ̀rọ́ mi ṣì wà lórí ìṣó.
Ìyá Rìsíkà kì í pẹ́ létí kànga mọ́:
ó ṣí ẹ̀rọ, kórobá kún, ó lọ,
ìtàn ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ kò sì tí ì parí.

Lóru àná, ní nǹkan bí aago méjì,
NẸ́PÀ mú iná wá láìkan ilẹ̀kùn.
Mo ti gbàgbé láti pa súwíìsì.
Mo gbọ́ tí nǹkan ń kùn nísàlẹ̀ ilẹ̀,
mo dìde jókòó, mo ní, "Ṣé o ti ń gòkè bọ̀ ni?"
Táńkì kún, ó ń ṣàn sórí páànù,
òjò nínú ọyẹ́.
N kò tètè lọ pa á.